Àmì Tí Ìyá Onírédíò Kò Fín

Láti ọdún mẹ́tàdínlógójì tí Ìyá Onírédíò ti jókòó ti tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ó tún ṣe tí ó jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìgba àmì. Bí ó bá ti so wáyà tó kẹ́yìn tán, tí ó dán iṣẹ́ náà wò, tí iṣẹ́ sì wù ú lójú, á mú ìṣó tín-ín-rín kan, á fín ìràwọ̀ kékeré ẹlẹ́nu mẹ́rin sí abẹ́ ìdérí, níbi tí ojú oníbàárà kò lè dé. Ìràwọ̀ yẹn wà lára rédíò, ó wà lára fáànù, ó wà lára áyọ́ọ̀nù àti aago ilé ìwé. Bí ẹ bá bi í pé àǹfààní wo ló wà lára àmì tí ẹnikẹ́ni kò rí, á wò yín láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "Èmi ṣáà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Iṣẹ́ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kì í gba ìràwọ̀, kì í sì í kúrò lórí tábìlì.

Obìnrin tí iná mànàmáná kì í bà lẹ́rù yìí, omi ló ń bà á lẹ́rù. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ó jábọ́ lórí páńkó èbúté sínú adágún. Irun orí rẹ̀ ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi fà á jáde. Láti ọjọ́ náà ni òun àti adágún ti pínyà. Òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà dà gẹ̀rẹ́ lọ bá omi, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò máa rí i bó ṣe ń dán, ṣùgbọ́n ògiri ni Ìyá Onírédíò kọ tábìlì rẹ̀ sí. Garawa ìwẹ̀ rẹ̀ pàápàá kì í kún kọjá ìdajì.

Àmọ́ ibi tí a bá ní kí gbégbé má gbé, ibẹ̀ níí gbé. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Mẹ́ta wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Àbígbẹ̀yìn, èyí tí ó rákò lábẹ́ tábìlì yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn, òun ló lọ gbé ara rẹ̀ lé alùpùpù orí omi, tí ó ń bá àwọn ọkùnrin figagbága lórí adágún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Alùpùpù náà ti gbó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lọ wo ìdíje rẹ̀ rí. Bí ọmọ bá ti wọlé tí ó ń súfèé, ìyá á mọ̀ pé ó dára. Bí ó bá wọlé tí ó ń wá oúnjẹ, á mọ̀ pé kò dára.

Ìyá àti ọmọ yìí ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí Àbígbẹ̀yìn wà ní kékeré. Ẹ̀rọ kan ń bẹ lórí tábìlì tí ó máa ń mú ohùn jáde, òun ni ìyá fi ń yẹ rédíò wò. Ìyá á yí bọ́tìnnì rẹ̀, ohùn á dún hùù, ọmọ á sì pariwo nọ́ńbà tí bọ́tìnnì wà láti abẹ́ tábìlì, láìrí i. "Ọgọ́fà!" "Àádóje!" Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ṣòro kí ó tó ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eré yìí sọ́kàn, nítorí ìyá tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ kí ó rántí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àbígbẹ̀yìn gbé àpótí dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ sórí tábìlì.

"Màámi, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

"Kí ni?"

"Bíréènì alùpùpù mi ni. Òun ló ń sọ fún púlọ́ọ̀gì ìgbà tó yẹ kó ta iná. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí dé ẹgbẹ̀rún méje ní ìṣẹ́jú kan, ṣe ló máa gé iná, kó má baà yí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn tó ṣe é ṣe fi sí i nìyẹn. Àwọn tá a jọ ń sáré, tiwọn ń dé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ipò kẹrin, màámi. Ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa mú lọ síbi ìdíje ńlá, tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí mi á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà."

"Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì ni mẹkáníìkì tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe létí adágún. Ó mọ ẹ́ńjìnnì dé egungun, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ibi tí wọ́n ń dákẹ́.

"Wọ́n ní kí n lọ wá tuntun. Wọ́n ní èyí ò ṣeé tú, wọ́n ti da ọ̀dà lé e lórí, ó ti le bí òkúta. Mo ní màámi mi lè tú u. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ìyá rẹ tó ń tún rédíò ṣe? Ṣé orin lo fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kọ ni?'"

Ìyá Onírédíò yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó fi í padà sójú.

"Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú u. Ó fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí ọ̀dà náà títí ó fi rọ̀ díẹ̀, ó wá ń fi ìkọ́ tín-ín-rín họ ọ́ kúrò, díẹ̀, díẹ̀, bí ẹni ń họ èépá ojú ọgbẹ́ ọmọ tó ń sùn. Tí ọwọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wáyà inú rẹ̀ á já, ó parí nìyẹn. Kò sí èyí tó já. Ní ọjọ́ kẹta ó rí ohun tí ó ń wá: résísítọ̀ kan tí kò tó hóró ìrẹsì, tí ó dá dúró sí kọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n fi sọ fún àpótí náà pé ẹgbẹ̀rún méje ni òpin.

Kò ní alùpùpù lórí tábìlì, àmọ́ ọgbọ́n kì í tán nínú àgbà. Ó fa wáyà láti inú ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ wọ inú àpótí náà, kí ó lè rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí. Ó so púlọ́ọ̀gì kan mọ́ ọn, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ta pá-pá-pá. Ó wá gbé rédíò àtijọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yí i sí ibi tí iléeṣẹ́ kankan kò ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti tan rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rí mọ̀ ọ́n: gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá ta iná, rédíò á gbọ́ ọ. Bí ó ṣe ń yí bọ́tìnnì sókè, ohùn inú rédíò ń tín-ín-rín sí i. Ní ẹgbẹ̀rún méje, ó gé. Ká-ká-ká. Ìyá Onírédíò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi irin gbígbóná jó résísítọ̀ yẹn kúrò, ó fi òmíràn sí i, ó yọ ọ́, ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àpótí tí kò ṣeé tú ń ta iná dé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ géérégé, láìkọsẹ̀.

Orí rẹ̀ wú. Ó dìde, ó jó lẹ́ẹ̀mejì yí àga rẹ̀ ká, òun nìkan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. "Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì, ẹ wá gbọ́ orin o," ló ń wí. Ó wá mú ìṣó rẹ̀ láti fín ìràwọ̀.

Ìgbà tí ìṣó kan ìdérí ni ó tó rò ó. Ohun tí ó ń fọwọ́ sí yìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò gùn ún. Omi yóò wà lábẹ́ rẹ̀, omi yóò wà lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹni tí yóò dúró nítòsí láti di irun orí rẹ̀ mú.

Ó fi ìṣó sílẹ̀. Ó tún mú irin gbígbóná, ó yọ résísítọ̀ tó dára yẹn, ó wá èyí tí yóò gé iná ní ẹgbẹ̀rún méje ó lé irinwó. Ó da ọ̀dà tuntun lé gbogbo rẹ̀ lórí kí ó tó yí ọkàn padà. Kò fín nǹkan kan sí i.

Nígbà tí Àbígbẹ̀yìn dé, ó bi í pé, "Màámi, ó bọ́ sí i?"

"Ó bọ́ sí i."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ń wá sukudiráfà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ káàkiri orí tábìlì.

Ọmọ náà ṣí ìdérí àpótí, ó wo inú rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé e padà. "Ẹ ṣé, màámi," ló wí, ó sì jáde lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ìyá Onírédíò kò tó ogún ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, síbẹ̀ ó ju ogún ọdún lọ lọ́kàn rẹ̀. Fún ọjọ́ méjì, Àbígbẹ̀yìn kò sọ̀rọ̀ ju kí ó kí i láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí ó tó wálé, ọwọ́ rẹ̀ á ti bó, apá á máa ro ó. Ìyá á bá a fi omi gbígbóná jó o, ọ̀rọ̀ á dé ẹnu rẹ̀, á gbé e mì. Kí ni yóò sọ? Pé òun tí kò fi iṣẹ́ ṣeré fún àjèjì rí, ọmọ inú òun ni òun fi iṣẹ́ jẹ níyà? Tí ọmọ náà bá tún ṣe ipò kẹrin, ọwọ́ òun ni ó ti wá.

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì alára kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yọjú wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ bá mi bi ọmọ yín ìgbà tó máa dá irin mi padà. Irin tí mo fi ń tẹ abẹ̀bẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti yá a. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní àṣírí ilé àwọn ni."

"Abẹ̀bẹ̀ wo?"

"Èyí tó wà nídìí alùpùpù, tó ń fa omi tó fi ń sáré. Ó ti tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, bíi pé ó fẹ́ fi ṣe ṣíbí."

Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún Ìyá Onírédíò wọlé, ó gba tòsì jáde. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń nà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje ku ọ̀la ni ó tó pinnu. Òun yóò jẹ́wọ́, òun yóò sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ó jí, Àbígbẹ̀yìn ti lọ. Ó kó irin gbígbóná, ó kó résísítọ̀, ó kó rédíò kékeré alápò. Ó wá ìṣó rẹ̀ títí, kò rí i níbi tí ó máa ń wà. Ó fi í sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní òpópónà yẹn, apá ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọmọ ọdún méje.

Èrò ti kún létí adágún. Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ rí i, ó sì dìde bí ẹni tó rí àlejò láti ìlú òyìnbó.

"Ìyá wa! Ẹ̀yin? Níbí?"

"Àbígbẹ̀yìn dà?"

"Wọ́n ti wọ omi. Ẹ gbọ́ fèrè yẹn? Wọ́n fẹ́ gbéra ni."

Ó ti pẹ́ jù. Ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo èrò kọjú sí omi; Ìyá Onírédíò nìkan ló kọ̀yìn sí i, ó kọjú sí ògiri ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí, ó tan rédíò kékeré, ó fi lé etí. Àwọn ọmọdé kan ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n máa yí adágún po, àmì pupa kan tó léfòó sì wà nítòsí èbúté tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀, rédíò kún fún ariwo. Ohùn tín-ín-rín, ohùn tín-ín-rín, gbogbo wọn wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, wọ́n ń kọlu ara wọn. Láàárín wọn ni ohùn kan tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní ajá mọ bí ajá rẹ̀ ṣe ń gbó. "Tèmi nìyẹn," ló wí.

"Ipò karùn-ún ni," ni Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì ń kígbe fún un láìjẹ́ pé ó bi í.

Ó ń dúró de ká-ká-ká. Ó mọ̀ pé yóò dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kan òpin tí òun fi sí i, iná á gé, ọmọ náà á máa ta gìrì lórí omi níwájú gbogbo ayé, yóò sì mọ̀ pé ìyá òun purọ́. Ní ìgbà kejì tí wọ́n kọjá, kò gé. Ní ìgbà kẹta, kò gé. Ohùn náà kàn ń lọ gbọnrangandan, ó gun òkè, ó ku bí ìka ọwọ́ kan kó kan òpin ẹgbẹ̀rún méje ó lé irinwó yẹn, ó dúró síbẹ̀, kò gòkè, kò rẹlẹ̀.

"Ipò kẹrin!"

Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ lásán. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló wọn ẹrù tí ẹ́ńjìnnì náà yóò gbé kí ó má baà kan òpin, tí ó wọ̀n ọ́n dé ìwọ̀n hóró iyọ̀. Ẹnì kan ló mọ ibi tí òpin náà wà. Ìyá Onírédíò rántí ọwọ́ tó bó. Ó rántí irin tí wọ́n fi ń tẹ abẹ̀bẹ̀. Ó rántí ọmọ kékeré kan lábẹ́ tábìlì tí ó ń pariwo, "Ọgọ́fà!"

"Ó gbọ́," ló wí fún ògiri. "Ọmọ mi gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ kìíní ló ti gbọ́ ọ."

Ìgbéraga tó kún un lọ́kàn lé ẹ̀rù jáde pátápátá. Ó yí padà. Ó wo omi náà lójú, gbogbo rẹ̀, bó ṣe fẹ̀ tó, ó sì rí ọmọ rẹ̀ lórí rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń bọ̀. Níbi tí àwọn yòókù ti ń fò sókè lórí ìgbì, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń pariwo lófìfo, alùpùpù àtijọ́ yẹn jẹ omi mú, kò fi í sílẹ̀. Ní ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n dé ibi àmì pupa, ó gba inú wọlé, ó kọjá lára ẹni tó wà ní ipò kẹta pẹ̀lú ìwọ̀n apá kan, ó sì parí ìdíje ní ipò kẹta.

Ìyá Onírédíò kígbe tí awò ojú rẹ̀ fi bọ́.

Àbígbẹ̀yìn wa alùpùpù wá sí èbúté, omi ń kán lára rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ tó dúró lórí páńkó, lórí páńkó gan-an, ó sì yanu.

"Màámi! Ẹ̀yin rèé lórí omi?"

"Èmi rèé. Mo purọ́ fún ọ. Irinwó péré ni mo fi kún un."

"Mo mọ̀. Mo wo abẹ́ ìdérí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ìràwọ̀. Ẹ fín in sí fáànù gbogbo àdúgbò, ẹ wá fi tèmi sílẹ̀ lófo. Mo gbé rédíò lọ sídìí omi, mo gbọ́ ibi tẹ́ ẹ fi í sí."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Mo bínú fún ọjọ́ méjì. Mo wá rò ó pé tí mo bá ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, ẹ máa tún un ṣe, oorun ò wá ní kùn yín mọ́. Ni mo bá lọ tẹ abẹ̀bẹ̀ náà kó lè máa jẹ omi púpọ̀ níbi tẹ́ ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí."

"Ẹ̀rù ló mú mi ṣe é o. Kì í ṣe ọgbọ́n. Má fi oyè tí mi ò jẹ kì mí."

"Ẹ̀rù ni tiyín, ọgbọ́n ni tèmi," ni Àbígbẹ̀yìn wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "A jọ ṣe é ni."

"Ẹni bíni là á jọ," ni ìyá rẹ̀ fèsì, "àmọ́ ìwọ ti jọ mí kọjá ibi tí mo dé." Ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè gbọ́.

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì ha ọ̀fun. "Ìyá wa, àpótí méjì kan wà lọ́dọ̀ mi tí wọ́n ti kú. Mo ń rò ó pé bóyá…"

"Ṣé orin lẹ fẹ́ kí wọ́n máa kọ ni?"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì náà rẹ́rìn-ín, kò sí ohun tó tún lè ṣe.

Àbígbẹ̀yìn ṣí ìjókòó alùpùpù, ó tú àpótí dúdú náà, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ki ọwọ́ bọ inú aṣọ ìléfòó rẹ̀, ó sì mú ìṣó tín-ín-rín kan jáde. Láti àárọ̀ ni ó ti wà lára rẹ̀, ó ti gbé e yí adágún po lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"Ẹ fún mi ní tèmi," ló wí.

Ìyá Onírédíò jókòó sórí páńkó èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Kò ṣí ìdérí. Orí ìdérí ló gbé ìṣó lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín.

"Màámi, inú lẹ máa ń fín in sí. Ìta nìyẹn. Gbogbo ayé ló máa rí i."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì ń fín in lọ.